Bí A Ṣe Lọ Gun Òkè ní Kétu tí A Fi Di Ará Ilé Ọkọ

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti bi mí bí òkè Kétu ṣe ga tó, ìdáhùn mi nìyí: mi ò rí i. Mo jẹun lórí rẹ̀, mo sùn lórí rẹ̀, mo fẹsẹ̀ kọ lórí rẹ̀ títí èékánná mi kan fi ṣí, síbẹ̀ mi ò rí i. Ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe ọtí ni mo mu. Ọtí náà ń bọ̀ níwájú.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, gbogbo ẹni tí ó bá sì ti òkè òkun dé ní láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ òdòdó sílẹ̀. Àwọn kan dá ẹgbẹ́ àríyànjiyàn sílẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí ohun tí wọn yóò jiyàn lé. Ọ̀rẹ́ mi, Dọ́kítà Bánkọ́lé, dá Ẹgbẹ́ Agunkè sílẹ̀. Ẹ má gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lọ bá a o. Ìwé ni ó fi gba oyè dọ́kítà tirẹ̀. Ní ìlú tí ó ti kàwé, ó rí i pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ bá gba ìsinmi, wọn a wọ bàtà tí ó wúwo bí ọlọ, wọn a pọn àpò sẹ́yìn, wọn a sì gun òkè lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Ó ní orílẹ̀-èdè tí kò bá ní agunkè, òmìnira rẹ̀ kò tíì dé ìdajì.

Àwa mẹ́rin ni ó lọ. Bánkọ́lé ni alága. Fẹ́hìntọ́lá, nọ́ọ̀sì àgbà tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, ni ìyá ẹgbẹ́. Sàlámì, tí ó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ìjọba, ni afọ̀nàhàn. Èmi ni akọ̀wé, nítorí pé ẹni tí kò bá wúlò fún ohun mìíràn ni wọ́n ń fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́.

A bi alága wa pé ṣé Olúmọ kò tó òkè ni, tàbí Ìdànrè. Ó ní òkè ilé ẹni kì í ṣe ìrìn-àjò, ewúrẹ́ ilé pàápàá ń gùn ún. Sàlámì bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ ńlá kan sílẹ̀, ó fi ìka lé ibì kan ní ilẹ̀ Dàhọ̀mì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ erùpẹ̀ gbígbẹ. "Kétu nìyí," ni ó wí. "Gbogbo ibi tí wọ́n bá kùn báyìí, òkè ni." Ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í pé irú òkè wo. Oyè ìwé tí ó wà láàárín wa pọ̀ tó láti fi lẹ ògiri, gbogbo wọn sì dákẹ́.

Òkè abẹ́ ẹsẹ̀

Ní ibodè, jàndáámù kan, ọlọ́pàá ibodè wọn, tí fìlà rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ kí wa ní Faransé, ó gbìyànjú èdè Gùn, lẹ́yìn náà ni ó fi Yorùbá tí ó dán ju ti Bánkọ́lé lọ bi wá pé kí ni a wá ṣe.

"A wá gun òkè ni," ni Bánkọ́lé dáhùn.

"Kí ni ó wà lórí rẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ta ni ẹ fẹ́ rí níbẹ̀?"

"A kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni."

"Ẹ óò wá sọ̀ kalẹ̀ padà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà wo ìwé wa, ó wo àpò ẹ̀yìn wa, ó wá wo Fẹ́hìntọ́lá tìkáàánú-tìkáàánú, bí ẹni pé ó fẹ́ bi í bóyá ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀. "Músíyé, ẹ máa lọ. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa irú èyí."

Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé wa dé Kétu. Ọjọ́ náà gùn, a sì sùn lọ nínú ọkọ̀. Nígbà tí a lajú, ilẹ̀ pupa ni a rí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ sápá ọ̀tún, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ sápá òsì. Bàbá kan jókòó lẹ́bàá ibodè àtijọ́ ìlú náà, ó ń pa ẹ̀gúsí. Bánkọ́lé na ọ̀pá agunkè rẹ̀ síwájú.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, òkè dà?"

"Òkè wo?"

"Òkè Kétu."

Bàbá náà wo ilẹ̀, ó wo ojú wa, ó tún wo ilẹ̀. "Orí rẹ̀ ni ẹ dúró sí. Ẹ kò gbọ́ bí ọkọ̀ yín ti ń kérora láti àárọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọkọ̀ ti bá wa gun òkè náà tán, àwa sì ń hanrun nínú rẹ̀. Fẹ́hìntọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò rẹ̀. Sàlámì ká àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí ó ń ká ẹní òkú. Ṣùgbọ́n alága kì í ṣe ẹni tí a ń fi òótọ́ dá dúró. Ó ní ohun tí a kò bá ti ìsàlẹ̀ gùn, a lè ti òkè sọ̀ ọ́, kí a tún gùn ún padà. Ó bi bàbá náà níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Bàbá náà fi ẹnu júwe ọ̀nà Kpankou fún wa, ó ní tí a bá kọjá ibẹ̀, a óò rí i bí ilẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀, àfi kí a má retí púpọ̀.

Bí a ṣe di arìnrìn-àjò afẹsẹ̀rìn nìyẹn. Àjèjì ni wá, a sì kì í ṣe àjèjì. Èdè wọn ni èdè wa, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ìyá ìyá mi ni ó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá: ó ní àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti gbàgbé, ibi tí àwa sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì dí ihò, Faransé ni wọ́n fi dí tiwọn. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní àbọ̀bọ̀, wọ́n fi gààrí àti epo díndín sí i, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwà wọn tutù. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé wọn ni àpò wa. Obìnrin kan tí ó ń bọ̀ láti oko dúró, ó wo àwa ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn wa.

"Ẹ kú ọmọ pípọ̀n o," ni ó wí. Ó yíjú sí Fẹ́hìntọ́lá. "Ìyá wọn, ṣé ìwọ nìkan ni o bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ìyá mi, àwọn tí ó pọn ẹrù yìí gan-an ni ọmọ."

Omi

Ó yẹ kí n sọ ohun kan fún yín níhìn-ín tí àwa kò mọ̀ nígbà náà, kí ẹ má baà ṣìnà bí a ti ṣìnà.

Ní abúlé kan lẹ́yìn Kpankou, ọmọbìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Baba rẹ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Baba Àgbà ni olórí ilé. Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ràn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ránṣọ ní Ìmẹ̀kọ. Ìmẹ̀kọ àti Kétu, ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n òyìnbó ti fi ààlà pín wọn, òmìnira sì fi ọ̀kan sí Nàìjíríà, ó fi èkejì sí Dàhọ̀mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé ọkọ ti dá ọjọ́ tí wọn yóò gbé obì ìtọrọ wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn kò wá. Lákòókò kan náà, oníṣòwò kan ní Kétu, tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù àti ìyàwó mẹ́ta, ń rán alárinà wá. Baba Àgbà dá ọjọ́ ìkẹyìn: bí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ náà tí kò sí obì láti Nàìjíríà, ti oníṣòwò ni yóò gbà.

Ọjọ́ náà gan-an ni àwa mẹ́rin yọ lójú ọ̀nà, a tò lẹ́yìn ara wa, ẹrù lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́, obìnrin kan láàárín wa. Ẹ sì mọ̀ pé ní àṣà wọn, bí ó ti rí lọ́dọ̀ tiwa náà, ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ kì í bá wọn lọ tọrọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò wá ojú ọkọ láàárín wa.

Àwọn àgbà ti jókòó sábẹ́ igi ọsàn ńlá kan. Ọkùnrin kan tí ó di agboòrùn mú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Èyí ni alárinà oníṣòwò. Bánkọ́lé lọ bá Baba Àgbà, ó na ọwọ́, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ó ti òkè òkun dé, kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ó ní ó ń ba ṣòkòtò jẹ́. Èmi àti Sàlámì fi ìka kan ilẹ̀, a wo ojú alága, a dìde.

Àbẹ̀kẹ́ gbé igbá omi wá lórí ìkúnlẹ̀. Omi kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn lórí òkè yẹn. Kànga jìn, òmíràn kò sì mú omi wá rárá. Òjò ni wọ́n ń gbà sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí àgbàlá, wọn a sì máa fi ìgò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀rùn. Sàlámì mu, mo mu, Fẹ́hìntọ́lá mu. Nígbà tí ó kan Bánkọ́lé, ó dúpẹ́, ó sì rọra da èyí tí ó kù sórí bàtà rẹ̀ láti fi fọ eruku.

Gbogbo abẹ́ igi yí ojú sí bàtà náà. Adìẹ kan sáré wá, ó sì ń mu nínú rẹ̀.

"Àlejò yín lọ́lá o, Baba," ni alágboòrùn wí.

"Ọlá wọn ti pẹ́," ni Baba Àgbà dá a lóhùn.

Obì

"Ẹ kú ewu ọ̀nà," ni Baba Àgbà wí fún wa, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bí ó ti yẹ lọ fún ẹni tí ó jókòó nítòsí. "Nàìjíríà ni ẹ ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bánkọ́lé wí. "Ohun tí a sì bá wá ni pé…"

"Ẹ jẹun ná. Ẹnu tí ebi ń pa kì í rojọ́."

Wọ́n gbé òkà àgbàdo funfun wá, èyí tí wọ́n ń pè ní wọ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ gbọ̀mọ́ tí ẹran ọ̀yà kún inú rẹ̀. Mo gbàgbé òkè. Bánkọ́lé gbé ọwọ́ sókè láàárín òkèlè. "Baba, a gbọ́ pé ilẹ̀ yín…"

"Ẹ mu èyí ná." Sódábì ni, ọtí ẹmu sísè wọn. Ó gba ọ̀fun Bánkọ́lé kọjá, ohùn rẹ̀ sì bá a lọ. Láàárín ìgbà tí ó fi ń wá ohùn náà, Baba Àgbà yíjú sí Sàlámì.

"Ṣé kò sí iyọ̀ nínú ẹrù yín ni?"

Iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀ náà. Síbẹ̀ Sàlámì tú àpò rẹ̀, ó mú iyọ̀ wa jáde. Baba Àgbà gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Oyin ńkọ́?"

Sàlámì wò mí. Ó ní ìgò oyin kan lóòótọ́, tí ó ń fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Ó mú un jáde.

"Ẹ kò ní wá sí ilé wa láìmú obì dání."

Obì ni Sàlámì ń jẹ lójú ọ̀nà dípò sìgá. Ó kó o sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀. Mo wí nínú ara mi pé baba yìí mọ nǹkan tọrọ ju gíwá ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ.

Baba Àgbà súre sí obì náà, ó pa á, ó sì kọ́kọ́ na awẹ́ kan sí alágboòrùn. Ọkùnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo bàtà Bánkọ́lé. Ó dìde, ó ṣí agboòrùn rẹ̀ lábẹ́ ibòji igi, ó sì bá ọ̀nà Kétu lọ láìjẹ obì. Kò tíì jìnnà tí àwọn obìnrin fi bú sí orin. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ di Fẹ́hìntọ́lá mọ́ra, ó ń sunkún: "Ẹ ṣeun, ẹ kò jẹ́ kí ojú tì mí." Àbẹ̀kẹ́ wá kúnlẹ̀ síwájú alága wa.

"Ẹ káàbọ̀, baba ọkọ mi."

"Ọkọ ta ni?" Bánkọ́lé fò dìde. "Mo ní ìyàwó nílé!"

"Kì í ṣe ọkọ, alága," ni Fẹ́hìntọ́lá wí. "Baba ọkọ ni. Ọjọ́ orí rẹ ni wọ́n wò."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Bánkọ́lé kì í purọ́. Ìgbéraga rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ráyè fún un. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Baba, àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. A kì í ṣe ará ilé ọkọ ẹnikẹ́ni. Agunkè ni wá."

Baba Àgbà kó àwa àti Àbẹ̀kẹ́ wọ inú ilé, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú.

"Jókòó, ọmọ mi. Ará Ìmẹ̀kọ tí yóò fi omi mímu fọ bàtà, ìyá rẹ̀ kò tíì bí i. Kódà, ẹ ṣì wà lọ́nà nígbà tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe wọn. Mo sọ fún alárinà yẹn pé bí obì bá ti Nàìjíríà dé kí oòrùn tó wọ̀, tirẹ̀ ti bọ́. Mi ò dárúkọ ẹni tí yóò gbé e."

"Ẹ wá fi wá ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀," ni Bánkọ́lé wí.

"Ọ̀pá wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì rí nǹkan fi ṣe."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Àbẹ̀kẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Baba, ó ku ọ̀rọ̀ kan," ni ó wí. "Bí ilé Ìmẹ̀kọ bá ní àwọn kò rán ẹnikẹ́ni ńkọ́? Oníṣòwò ti lọ. Bí àwọn náà bá kọ̀, èmi ni wọn yóò fi máa kọrin láti ibí dé Adakplamè."

Baba Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó hàn pé ọgbọ́n rẹ̀ dé ibi wíwọ̀ oòrùn, ó sì dúró síbẹ̀. Ọmọbìnrin náà yíjú sí Bánkọ́lé.

"Ẹni tí ó gbé obì ni yóò lọ jíṣẹ́ rẹ̀, sà."

Ẹrù orí

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ilé ni a ti rí ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Ìkùukùu bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò ga ju kí ewúrẹ́ ó sọ̀ ọ́ láìdá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ó rẹwà, òun sì ni ohun tí a tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Bánkọ́lé dúró, ó wò ó. Mo rí i pé ó ń ka ìpínrọ̀ tí yóò kọ nípa rẹ̀ lọ́kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé kí a dìbò.

"Ìbò wo?" ni Fẹ́hìntọ́lá béèrè. Ó ti di òṣùká, agbọ̀n iṣu tí ilé ìyàwó fi dáhùn obì sì ti wà lórí rẹ̀.

A kò sọ òkè náà kalẹ̀.

Sàlámì ru agbè epo. Èmi ru àgbàdo. Adìẹ ni wọ́n fún Bánkọ́lé. Ó fi í sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ orí rẹ̀ síta kí ó lè mí, adìẹ náà sì ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ bí olùkọ́ tí inú rẹ̀ kò dùn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu lójú ọ̀nà náà nìyí: ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè mọ́. Nígbà tí a ń rìn láìní iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ni ó ń fura sí wa. Nígbà tí a ru iṣu, a di ènìyàn. Wọ́n ń yà fún wa lọ́nà, wọ́n ń ní, "Ẹ kú ìnáwó, àna ò ní yàn yín lódì," àwa náà sì ń ṣe àmín. Ọrùn mi wọlé díẹ̀, kò sì tíì jáde tán títí di òní.

Ìmẹ̀kọ

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni a kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí ilé náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tẹ̀ ẹ́ kò gbé ojú sókè. Baba rẹ̀ jókòó lórí àga, ọkùnrin gbọọrọ tí ojú rẹ̀ le, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Bánkọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Mi ò rán ẹnikẹ́ni," ni ó wí.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo di ẹrù dé ibodè. Ọmọ tí mo lè bí ní kí n mú ìwé tí wọ́n ń pè ní pàpíyé wá kí n tó kọjá. Kétu ni wọ́n ti bí ìyá mi. Mo búra ní ibodè náà, níṣojú ọmọ yẹn, pé mi ò ní gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti lọ sí ilé ìyá mi."

Ìbúra tí ó dára ni. Ká ní Ìbàdàn ni a wà ni, Bánkọ́lé ì bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó ń rò nípa ọmọbìnrin tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ̀rọ̀ nípa òmìnira, ó sọ̀rọ̀ nípa ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà. Bàbá náà wò ó bí ẹni pé òjò ni ó ń rọ̀ ní abúlé kejì.

"Àbẹ̀kẹ́ ń dúró, Baba," ni Fẹ́hìntọ́lá wí.

"Kí ó dúró. Ìbúra ni mo ṣe." Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ta ni ó ṣíwájú yín wọlé lọ́hùn-ún?"

"Èmi ni, sà," ni Bánkọ́lé dáhùn.

"Wọ́n sì gbà pé láti ilé mi ni o ti wá."

"Gbogbo abúlé ni ó gbà bẹ́ẹ̀, àfi olórí ilé."

"Báwo ni o ṣe dọ̀bálẹ̀ fún wọn?"

Bánkọ́lé wo adìẹ. Adìẹ kò ràn án lọ́wọ́.

"Mo bi ọ́ léèrè."

"Ó bọ Baba Àgbà lọ́wọ́ ni, sà," ni Sàlámì wí, ẹni tí kò tíì dárí obì rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni.

"Ó dúró?"

"Ó nàró ṣánṣán."

"Ní orúkọ ilé mi?"

"Ní orúkọ ilé yín."

Bàbá náà dìde. Mo rò pé ó fẹ́ lé wa jáde ni. Ó kọjá láàárín wa, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, a sì ń gbọ́ bí ó ti ń mí. "Wọn yóò máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọmọ wọn," ni ó ń sọ fún oòrùn, "pé ilé wa wá tọrọ aya, a nàró bí òpó." Ọmọ rẹ̀ ti wà ní ìdúró lẹ́yìn rẹ̀, ó mú bàtà baba rẹ̀ dání ní ọwọ́ kan, ó mú fìlà rẹ̀ dání ní ọwọ́ kejì, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun ró.

Bàbá náà gba fìlà náà láìwo ẹ̀yìn, ó dé e.

"Níbo," ni ó béèrè lọ́wọ́ wa tìbínú-tìbínú, "ni wọ́n ti ń gba pàpíyé náà?"